Ìdáríjì Kì í Ṣe Ìdáláre

Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni Yorùbá ń pe ẹjọ́ tí a gbé kúrò ní ilé-ẹjọ́ kan lọ sí èyí tí ó ga jù ú lọ. Orúkọ yìí kò mẹ́nu ba òfin. Ọkàn tí kò balẹ̀ ni ó ń sọ. Èrò náà kò ṣàjèjì sí àṣà wa. Ní Òkè-Ògùn àtijọ́, ẹni tí ìdájọ́ baálé kò tẹ́ lọ́rùn ní Ìsẹ́yìn a tọ Aṣẹ́yìn lọ. Ará Ṣakí a tọ Òkèrè lọ. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì tíì tán, ó di ọ̀nà Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ Aláàfin.

Ilé-ẹjọ́ ìjọba òde òní ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹjọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ni ó fi èyí hàn jù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ dá a lẹ́bi pé ó dìtẹ̀ láti fi ipá gba ìjọba àpapọ̀, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Awólọ́wọ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Nàìjíríà yọ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní ipò olórí orílẹ̀-èdè, ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù sì dí. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ da ẹjọ́ náà nù ní 1964, kò sí Ọ̀yọ́ mìíràn mọ́.

Ọdún 1964 yìí kan náà ni Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Igbákejì ọba da ọba, wọ́n ti ọba mọ́lé, ará ìlú dìde, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Òǹwòran kò nílò kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọba náà fún òun. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ eré náà. Ìjọba ológun ni ó tú u ní 1966. Agbára eré náà kò ní àríyànjiyàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọ̀dàlẹ̀ nìkan ni ó ń bá jà. Ìdájọ́ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an yàtọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, Gowon dárí ji Awólọ́wọ̀, ó sì jáde ní ẹ̀wọ̀n Kàlàbá. Ìdáríjì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Kò ṣí ìwé ẹjọ́. Síbẹ̀ ìparí eré Ògúndé ni ọ̀pọ̀ wa ń rántí, bí ẹni pé wọ́n dá ọkùnrin náà láre.

Ìgbàgbé yìí ní ewu. Bí a bá ka ìdáríjì sí ìdáláre, a kò ní í béèrè bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹjọ́ náà. A kò ní í rántí pé ní 1962 wọ́n kọ̀ fún Gratiaen, agbẹjọ́rò tí Awólọ́wọ̀ yàn láti òkè òkun, láti wọ orílẹ̀-èdè yìí, àti pé ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i. Awólọ́wọ̀ ní orúkọ, ó ní èrò lẹ́yìn, àwọn òṣèré sì ṣeré nítorí rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n láti abúlé kan lẹ́yìn Ṣakí kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìwé ẹjọ́ nìkan ni ó ní. Nítorí tirẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí á mọ ìyàtọ̀.