Ọwọ́ Àwọn Tó Ń Po Oúnjẹ Adìyẹ

Láti Ṣógúnlé ní Èkó, kò jìnnà sí Òpópónà Henry Carr ní Ìkẹjà, ojúlé Livestock Feeds, iléeṣẹ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn tí Pfizer, iléeṣẹ́ apoògùn, dá sílẹ̀ ní 1963.

Iṣẹ́ ọpọlọ ni oúnjẹ adìyẹ pípò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n a fi eyín fọ́ àgbàdo kó tó rà á. Èyí tó dún kàkà ló gbẹ. Èyí tó rọ̀ yóò bu nínú àpò, oró rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ jẹ́.

Fítámì kò pọ̀, nítorí náà ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pò ó, kó lè kárí nínú ẹ̀rọ. Adìyẹ tó ń yé ẹyin nílò kálísíọ̀mù ju bùrọ́ílà, adìyẹ tí a ń sìn fún ẹran, lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìkarahun tó ń fún un ní kálísíọ̀mù bá dín, èèpo ẹyin á fẹ́lẹ́.