Adùn Tó Ń Kẹ́yìn

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí àwùjọ kan kà kún, kí ó wo ibi tí orúkọ pọ̀ sí lẹ́nu wọn. Obì kan ṣoṣo kọ́ ni àwa Yorùbá mọ̀. Àbàtà wà, gbànja wà. Ifin yàtọ̀ sí ipa. A sì ń ka awẹ́ àbàtà kí a tó sọ ohun tó yẹ kí a fi í ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun gbígbóná tí à ń mu láàárọ̀, orúkọ kan péré ni a ní fún gbogbo rẹ̀. Tíì ni Lipton, tíì ni Bournvita, tíì ni Milo, tíì ni Ovaltine. Ohunkóhun tí a bá ti fi omi gbígbóná pò, tí a da mílíìkì àti ṣúgà sí, tí a sì fi búrẹ́dì tì lẹ́yìn, tíì ni. N kò sọ èyí láti fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ṣòro kí ẹni tí kò ní ju orúkọ kan lọ fún nǹkan ṣe adájọ́ nǹkan náà. Irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo jẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé agolo tíì kan tó wọ́n bí ojú lé mi lọ́wọ́ ní Ìlárá.

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń ṣòwò ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló mú un wá. Oolong ni wọ́n ń pe irú tíì bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé 'dírágónì dúdú' ní èdè àwọn tó ni ín. Ẹ̀yà tirẹ̀ ni Tieguanyin, tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Anxi ní ìpínlẹ̀ Fujian, tí wọ́n sì fi orúkọ Guanyin, ẹni tí wọ́n ń bọ nítorí àánú rẹ̀, pè é. Mo bi ọmọ náà léèrè iye tó rà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ mu ú ná, Bàbá mi." Nígbà tó pẹ́, ó jẹ́wọ́ pé owó agolo yìí, tí ewé inú rẹ̀ kò ju 250 gíráàmù lọ, tó ra odindi àpò ìrẹsì kan, àti pé ṣéńjì yóò tún kù. Ẹnu yà mí. Mo sì pinnu pé n kò ní mu ún bí ẹní mu ẹ̀bùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó iye tí wọ́n pè é.

Kò sí ibi tó yẹ fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ bí Ìlárá. Ní etí ààlà ni ìlú náà wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ara ilẹ̀ Kétu ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Ògọ́sítì, ọdún 1889, ló mú kí Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó. Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un ni pé ààlà náà ti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò tíì kọ́: iye tí à ń ta nǹkan kì í gbé inú nǹkan náà. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti ààlà orí ilẹ̀ ní oṣù Ògọ́sítì, ọdún 2019, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn kan nínú wọn títí di oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 2020, hóró ìrẹsì tó wà ní òdìkejì kò yí padà. Adùn rẹ̀ kò dín, kò lé. Owó rẹ̀ nìkan ló yí. Ẹni tó bá ti rí èyí lójú ara rẹ̀ kì í tètè kúnlẹ̀ fún agolo aláwọ̀ wúrà.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n sọ ohun tí oolong jẹ́. Igi kan náà ni gbogbo tíì tòótọ́ ti wá. Bí wọ́n bá já ewé rẹ̀ tí wọ́n sì tètè fi iná mú un kí atẹ́gùn má baà sọ ọ́ di dúdú, a di tíì aláwọ̀ ewé, irú èyí tí àwọn ará Mali àti Niger ń sè lórí ẹ̀yín iná lábẹ́ igi. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn jẹ ẹ́ tán, a di tíì dúdú, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì mú dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà. Oolong wà láàárín méjèèjì. Wọn a sá ewé náà, wọn a gbọ̀n ọ́n kí etí rẹ̀ lè bó díẹ̀, wọn a dúró tì í títí yóò fi dé ibi tí ọwọ́ àti imú wọn mọ̀, wọn a sì fi iná dá a dúró. Bí wọ́n bá yára jù, ó bàjẹ́. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ó bàjẹ́. Èyí ni ó fi jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń rà nínú oolong ju ewé lọ.

Ilé bàbá àgbàlagbà kan ni a ti ṣe ìdánwò náà, ẹni tó dẹ́mu fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó ní òun kò gun ọ̀pẹ mọ́. Lu Yu, ẹni tó kọ ìwé tíì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, ní omi orí òkè ló dára jù fún tíì, omi odò ló tẹ̀lé e, omi kànga ló kẹ́yìn. Kò sí òkè nítòsí wa, nítorí náà omi òjò inú àmù ni a lò. A wọn gíráàmù méje sínú àwo kékeré kan tó ní ìdérí. Ewé náà ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀. A da omi híhó lé e, a sì da omi àkọ́kọ́ yẹn nù láti fi ṣan ewé náà. Lẹ́yìn náà ni a tún da omi mìíràn sí i, kò sì ju bí ẹní ka oókan dé ogún lọ kí a tó dà á sínú ife tí kò ju ìkarahun ìgbín kékeré lọ.

Bàbá wo ife náà, ó wò mí lójú, ó ní, "Mílíìkì rẹ̀ dà?"

Mo ní kò gba mílíìkì. Ó ní, "Ṣúgà ńkọ́?" Mo ní kò gba ṣúgà. Ó mi orí, ó ní ìyà wo ni ẹni tó ra ohun olówó iyebíye tún fi ń jẹ ara rẹ̀ báyìí.

Mo ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́ tí mo ń kọ nǹkan sí. Mo kọ ọ́ pé òórùn rẹ̀ dà bí òdòdó tí òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, pé àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí wúrà, pé ọlá ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí ojú yóò tì mí láìpẹ́.

Ọmọ àbúrò mi tún ní oolong mìíràn nínú àpò rẹ̀, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní kí ìyàwó ilé lọ sè méjèèjì ní ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, kí ó fi òwú pupa sí abẹ́ ife ọ̀kan, kí ó fi òwú dúdú sí abẹ́ èkejì, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwa mẹ́rin ni a jókòó: Bàbá, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, ọmọ àbúrò mi, àti èmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a tọ́ ọ wò, ó sì ń pààrọ̀ òwú wọn. Olùkọ́ mú èyí tó pọ́ọ́kú lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ó kún ẹnu, ó sì ní okun. Ọmọ àbúrò mi gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti kọ ọlá àti wúrà sínú ìwé, èyí tó pọ́ọ́kú ni mo nawọ́ sí lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Bàbá nìkan ni kò ṣì í rárá.

Mo bi í bí ó ṣe mọ èyí tó wọ́n. Ó ní, "Ọmọ mi, n kò mọ èyí tó wọ́n. Èyí tó dára ni mo mọ̀." Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ahọ́n ni àwa yòókù fi ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ahọ́n ni ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ni jẹ máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ẹmu tí wọ́n da ṣúgà sí máa ń dùn lórí ahọ́n ju ẹmu gidi lọ. Ó ní òun á gbé e mì, òun á dákẹ́, òun á wá gbọ́ ohun tí ọ̀nà ọ̀fun yóò sọ. Ọ̀kan nínú tíì wọ̀nyí kú bó ti wọlé. Èkejì korò díẹ̀, ó lọ, ó sì tún padà wá, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn jẹ obì tán tó sì mu omi tútù lé e.

N kò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára tó. Àwọn ará Ṣáínà ní orúkọ fún ohun tí Bàbá ń sọ: hui gan ni wọ́n ń pè é, adùn tó ń padà bọ̀. Ó wà lára ohun pàtàkì tí àwọn tó mọ tíì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ Bàbá. Obì ló kọ́ ọ, ẹmu ló kọ́ ọ. Mo padà sí ife mi, mo gbé e mì, mo dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i: ìtura kan tó ń gòkè bọ̀ láti ọ̀fun, tí kì í ṣe adùn ṣúgà, tí kò sì kánjú.

Ìdájọ́ mi nìyí. Tíì olówó gọbọi náà dára, ó sì dára ju èkejì lọ. Omi méje ni a dà lé e kí ó tó rẹ̀ ẹ́, nígbà tí èkejì ti di omi lásán ní ìkẹta. Bí a bá wá pín owó sórí iye ife, kì í ṣe ìlọ́po mẹ́wàá ni ọ̀kan fi wọ́n ju èkejì lọ mọ́, bí ìlọ́po mẹ́rin ni. Ṣé adùn rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin? Ní ọ̀fun Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọ̀fun olùkọ́, rárá o, olùkọ́ kò sì jẹ̀bi. Àwọn baba wa ní ohun tó wu ni ní ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ìyókù owó náà, agolo ló jẹ ẹ́, orúkọ ló jẹ ẹ́. Ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní ọdún 2005, wọ́n ta 20 gíráàmù ewé oolong kan tí ń jẹ́ Da Hong Pao, láti orí àwọn ìyá igi díẹ̀ ní òkè Wuyi, ní 208,000 yuan. Ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ kò ra ohun mímu. Ìtàn ló rà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ilẹ̀ Ṣáínà ló ń dùn mí. Nígbà tí a ń múra àtilọ, mo bi Bàbá ibi tí mo ti lè rí ẹmu tó dára rà. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Ó ní àwọn tó ń dá a kù díẹ̀, pé àbùlà ló kún ọjà. Ó ní ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí òun bá gbé akèrègbè wọ ìlú, àwọn àgbà á tọ́ ọ wò, wọn á sì sọ irú ọ̀pẹ tó ti wá àti ìgbà tí òun gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá lú ẹmu lọ́jọ́ náà á gbé e padà sílé. Lónìí, iye kan náà ni wọ́n ń san fún gidi àti àbùlà. Ó ní, "Ta ni n ó wá máa torí rẹ̀ jí lóru?"

Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí àpò ìrẹsì kan náà ń rà ní Anxi. Kì í ṣe ewé nìkan. Ó ń rà á pé àwọn kan ṣì wà tí wọ́n lè tọ́ ọ wò kí wọ́n sì sọ pé, èyí kọ́. Nítorí tiwọn ni ẹni tó ń gbọ̀n ewé lóru fi ń dúró tì í. Nígbà tí àwọn tó ń tọ́ ọ wò bá tán, àwọn tó ń ṣe é kò ní pẹ́ tán. Ní Ìlárá, a ní ọ̀fun kan tó lè dá oolong mọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó pàdé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbé ẹmu wá fún un tọ́ wò. Mo fi agolo tíì náà sílẹ̀ fún Bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó yẹ.