Ìgbín Tó Pọn Gb Sẹ́yìn

Nínú gbogbo aṣọ tí ọwọ́ mi ti kàn nídìí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, fẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ràn jù. Kì í ṣe aṣọ híhun. Irun àgùntàn ni wọ́n ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ rin, tí wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á máa yí i, títí irun yóò fi wọnú ara wọn tí kò ní ṣeé tú mọ́. Èyí tí a sábà ń rí rà lọ́jà wa lónìí, okùn oníke ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ púpọ̀ ló sì ń gún un pọ̀, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ló ń hù: bí o bá gbé àlùmọ́gàjí lé e, etí rẹ̀ kì í tú. O ò ní ṣẹ́ ẹ létí, o ò ní fi òwú dì í. Etí ajá tí kò ju èékánná lọ á dúró ṣinṣin lójú ibi tí o gé e dé.

Obìnrin aránṣọ kan wà ní ìlú Giengen lórílẹ̀-èdè Jámánì, Margarete Steiff lorúkọ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un láti kékeré. Kò lè fẹsẹ̀ rìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lágbára. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ó fi fẹ́ẹ̀tì rán erin kékeré kan tí àwọn obìnrin á máa gún abẹ́rẹ́ mọ́ kí abẹ́rẹ́ má baà sọnù. Àwọn ọmọdé gba erin lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìṣeré, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó lókìkí káàkiri ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ mọ ohun tí erin yẹn wà fún.

Tèmi ni pé mò ń rán ẹranko tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń fi kọ́ a, b, d. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dán iṣẹ́ yìí wò á rò pé kí òun ṣáà wá orúkọ ẹranko tó fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ lédè wa. Fáwẹ́lì ni ọ̀pọ̀ orúkọ wa fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹranko pọ̀ jọjọ níbẹ̀: ajá, àgùntàn, adìẹ, alángbá, akàn, a nìkan ló ni gbogbo wọn. K ní kìnnìún, l ní labalábá, m ní màlúù, p ní pẹ́pẹ́yẹ, t ní tòlótòló. Ta ni ká mú fún b? Ta ni ká mú fún ṣ? Páálí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri kíláàsì a máa sá lọ sídìí bàtà, fìlà àti gèlè. Ìyẹn náà kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kì í gbá gèlè mọ́ra sùn.

Inú orúkọ ni mo ti ń wá lẹ́tà. Ọ̀bọ ló gba b, adìẹ gba d, ẹfọ̀n gba f, ahun gba h, ẹṣin gba ṣ, òwìwí gba w. S bọ́ sọ́wọ́ asín, asín tó bu ìjàpá nímú jẹ nínú àlọ́, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju kìnnìún lọ. Àwọn olùkọ́ kan sọ fún mi pé èyí á da orí ọmọ rú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń wá b nínú ọ̀bọ kò lè kàn di ìró àkọ́kọ́ mú kó jókòó tì í. Ó ní láti pe orúkọ náà díẹ̀díẹ̀, kó máa tẹ́tí. Mo wo ọmọbìnrin kan tó fi ìka kan ètè ara rẹ̀, tó ń pe ọ̀bọ, ọ̀bọ, títí ó fi mọ ibi tí ètè méjèèjì ti pàdé, ló bá pariwo.

Ìgbín ni mo fẹ́ràn láti rán jù. Màá gé fẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, màá máa ká a, màá sì máa ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀ bí mo ṣe ń ká a lọ, kí ìkarahun má baà tú bí ọmọ bá fà á. Awẹ́ méjì ni ara rẹ̀, mo rán etí wọn pọ̀, mo ki òwú ìrọ̀rí sí i níwọ̀nba, nítorí bí òwú bá pọ̀ jù, ìgbín á le gbagidi, kò ní ṣeé fún lọ́wọ́. Ibi tí ìkarahun ti tẹ́jú ni gb wà. Ègé fẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo fi ń gé e, g àti b kò já kúrò lára wọn, torí lẹ́tà kan náà ni wọ́n jẹ́ fún wa. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé ní Róòmù lọ́dún 1907, fi bébà tí káfíńtà fi ń họ igi gé lẹ́tà kí ọmọ lè máa fi ìka tọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ń tọ gb lẹ́yìn ìgbín mi, kò ní ríbi gbé ìka kúrò láàárín.

N kì í fi bọ́tìnnì ṣe ojú. Ó ń dán, ó wuni, ṣùgbọ́n ọmọ á já a, á gbé e mì; òwú dúdú ni mo fi ń ya ojú. Àmì abẹ́ lẹ́tà, tó ti wà nínú ìwé Yorùbá láti ayé Samuel Àjàyí Crowther, mo so ó mọ́ ara ẹranko pẹ̀lú okùn kúkúrú, Velcro ló sì ń mú un lẹ̀. Inú àpò kan náà ni ejò àti ẹja ń gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹja jáde láìlẹ àmì rẹ̀, gbogbo kíláàsì á kígbe mọ́ ọn.

U nìkan ló ṣòro. Kò sí orúkọ tó fi u bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ni mo bá fún eku, mo rán an síbi tí ìrù ti yọ. Ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Èkìtì takò mí: ó ní ìyá àgbà òun kì í pe ilé ní ilé, ulé ni wọ́n ń pè é. Òótọ́ ló sọ. Mo rán ulé kan fún un, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì, ó sì ti wọ agbọ̀n àwọn ẹranko báyìí. Eku ni àwọn ọmọ máa ń kì sínú rẹ̀.