Àṣẹ Ẹ̀rọ Nínú Ìdánwò Ojú-Ìwé Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìlámèyítọ́ Lórí cy.exec

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ tí a gbé ka iwájú nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò irinṣẹ́ kan, kí á sì sọ ibi tí ìwúlò rẹ̀ dé àti ibi tí ó ti ń di ewu. Irinṣẹ́ náà ni cy.exec, ọ̀kan lára àwọn àṣẹ tí ó wà nínú Cypress. Cypress fúnra rẹ̀ jẹ́ ètò tí a fi ń dán ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì wò láìjẹ́ pé ènìyàn jókòó tì í, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2017. Ẹni tí ó kọ ìdánwò yóò ti to gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀: ṣí ojú-ìwé, kọ orúkọ, tẹ bọ́tìnì, wo ohun tí ó jáde. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa tẹ̀ lé wọn ní ẹsẹẹsẹ.

Èrò wa ni pé ẹlẹ́rìí ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé, "Ohun tí ẹni tí ó bá lo ojú-ìwé yìí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí nìyí." Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi cy.exec ni bóyá ó ń ran ẹlẹ́rìí yìí lọ́wọ́ ni, tàbí ó ń jẹ́rìí dípò rẹ̀.

2. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ìwúlò rẹ̀

Inú búráúsà gan-an ni ìdánwò Cypress ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ìwé tí ó ń dán wò. Búráúsà kì í sì í gba ojú-ìwé láyè kí ó máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ààbò ni èyí jẹ́ fún gbogbo wa. cy.exec ni ilẹ̀kùn tí a dá sára ògiri yìí. Yóò gba gbólóhùn àṣẹ kan, yóò fi í ránṣẹ́ sí Node tí ó wà lẹ́yìn búráúsà, yóò sì dúró de àbọ̀. Bí a kò bá yí i padà, 60,000 mílísẹ́kọ́ńdù, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú kan, ni yóò fi dúró. Àbọ̀ tí yóò mú wá pín sí mẹ́ta: ohun tí àṣẹ náà kọ jáde, ohun tí ó kọ nípa àṣìṣe, àti nọ́ńbà ìparí. Òdo túmọ̀ sí pé àṣẹ yọrí. Nọ́ńbà mìíràn túmọ̀ sí pé ó kùnà, ìdánwò yóò sì dúró níbẹ̀.

Ìwúlò rẹ̀ hàn gbangba. Ká sọ pé à ń dán ojú-ìwé ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Bí a kò bá kọ́kọ́ nu àkójọ dátà nù, orúkọ tí ìdánwò àná kọ síbẹ̀ ni ìdánwò òní yóò bá, ojú-ìwé yóò sì sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdánwò yóò kùnà láìjẹ́ pé ojú-ìwé ní àléébù kan. Àṣẹ kan ṣoṣo tí ó nu àkójọ náà, tí ó sì tún un tò, yóò mú kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan náà. A kò rí ohun tí a lè bá wí nínú èyí: ẹni tí ó gbá àgbàlá kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì jẹ́rìí.

3. Ibi tí ó kù sí

Àléébù àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àṣẹ yìí bá di ẹlẹ́rìí. Ìdánwò tẹ bọ́tìnì tán. Dípò kí ó wo ohun tí ojú-ìwé fi hàn, ó fi cy.exec bi àkójọ dátà léèrè bóyá orúkọ ti wọlé. Orúkọ ti wọlé, ìdánwò sì yege. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ojú-ìwé òfìfo ni ó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí ó máa tẹ bọ́tìnì léraléra, kí ó má mọ̀ bóyá òun ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé àwọn nǹkan wà tí ojú-ìwé kì í fi hàn, bí àpẹẹrẹ lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdánwò ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí ó wà fún ìyẹn, kí á sì pè é ní orúkọ rẹ̀.

Èkejì ni òdo tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú shell, bí a bá so àṣẹ méjì pọ̀ tí èkejì ń gba ohun tí èkíní kọ jáde, nọ́ńbà ìparí ti èkejì nìkan ni a máa ń rí, àfi bí a bá lo pipefail. Bí àṣẹ tí ó ń to dátà bá kùnà, ṣùgbọ́n tí tee tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ yọrí, òdo ni cy.exec yóò gbọ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀kẹta ni àṣà mímú ọ̀rọ̀ láti ojú-ìwé há àárín gbólóhùn àṣẹ. Ẹ wo orúkọ bíi d'Almeida, tí àwọn ìdílé Àgùdà ń jẹ́ ní Èkó àti ní Àjàṣẹ́. Àmì ìpàrójẹ inú rẹ̀ jẹ́ àmì ìṣísílẹ̀ àyọlò lójú shell. Yóò wá ìkejì rẹ̀ tì, àṣẹ yóò sì kùnà. Ìyẹn ṣì fúyẹ́. Bí àmì sẹmikólọ̀n bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ó bá tẹ̀ lé e ti di àṣẹ mìíràn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àṣẹ kò mọ ibi tí ó wà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan pa dátà rẹ́ lórí sáfà àgbà. Ó rò pé sáfà kejì ni òun wà. Dátà nǹkan bí wákàtí 6 ni ó ṣòfò. Ọwọ́ ènìyàn ni ó tẹ àṣẹ yẹn, kì í ṣe ìdánwò. Kò sì pẹ́ tí ẹni náà fi fura, tí ó dá a dúró. Ìdánwò kò ní ìfura.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a rí fà yọ ni pé kí cy.exec máa tún ilẹ̀ ṣe, kí ó má jẹ́rìí. Kí gbólóhùn àṣẹ wà ní kíkọ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àlejò má wọ inú rẹ̀. Kí àṣẹ tí ó ń nu dátà kọ́kọ́ yẹ orúkọ àkójọ náà wò, kí ó sì kọ̀ bí kì í bá ṣe ti ìdánwò. Nínú Playwright, tí Microsoft gbé jáde ní 2020, inú Node ni ìdánwò fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ògiri láàrin òun àti ẹ̀rọ. Níbẹ̀ ni ìlànà yìí ti pọn dandan jù lọ, nítorí kò sí ilẹ̀kùn tí yóò rán ẹni tí ó ń kọ ìdánwò létí pé ó ti kúrò ní ipò ẹni tí ń lo ojú-ìwé.