EKO: Orúkọ Kan, Olórúkọ Rẹpẹtẹ

Ẹ tẹ lẹ́tà mẹ́ta yìí sórí fóònù yín: e, k, o. Ẹ má fi àmì kankan sí i. Ìlú ni ẹ̀ ń wá ni àbí oúnjẹ? Àbí ẹ̀kọ́ iléèwé? Ó lè jẹ́ gìtá pàápàá. Àwọn yìí ò bá ara wọn tan rárá, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn sì wọ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ká wo ta lorúkọ yìí bá mu.

Ká kọ́kọ́ mú àwọn ará òkèèrè. EKO tó ń ṣe gìtá, Oliviero Pigini ló dá a sílẹ̀ ní Ítálì ní 1959. Lédè Sweden, eko ni ohùn tó ń padà wá bá ẹni tó pariwo. Ní Java, ní Indonéṣíà, orúkọ ènìyàn ni Eko. "Ìkíní" ló túmọ̀ sí, wọ́n sì máa ń fi sọ àkọ́bí. Eko Yuli Irawan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ́ ẹ, gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìdíje gbígbé irin ní Òlíḿpíìkì mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó jí orúkọ wa nínú wọn. Àwa tá a ní Táíwò, Ìdòwú àti Àlàbá nílé, ṣé a ò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ bó ṣe tẹ̀ léra wọn wáyé?

Ó ku Mr. Eko, ọmọ Nàìjíríà inú Lost, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Adewale Akinnuoye-Agbaje ló ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Nínú eré náà, Yemi ni àbúrò rẹ̀ ń jẹ́. Yẹmí, a gbà bẹ́ẹ̀, ó wà ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ọmọ rẹ̀ ní Èkó? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lójú tiwa, ó jọ pé ọ̀rọ̀ kúkurú kan tó dún bí Áfíríkà ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i. Òṣèré yẹn ló gba orúkọ náà sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká délé. Afárá Eko so erékùṣù pọ̀ mọ́ òkè odò, ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Orúkọ yẹn yẹ ẹ́. Ilé iṣẹ́ Eko tó ń pín iná kò kárí Èkó, Ikeja ló ń pín tàwọn yòókù. Eko yìí kan náà ló tún ń pín iná dé Àgbárá ní ìpínlẹ̀ Ògùn! Ìyẹn ò dùn wá tó Eko Atlantic. Wọ́n da iyanrìn sí òkun níbi tí Bar Beach wà, níbi tí tálákà ti ń lọ gba afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Orúkọ gbogbo ìlú ni wọ́n gbé lé ibi tí púpọ̀ nínú ọmọ ìlú ò lè ra yàrá kan ṣoṣo.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ náà ni?" Rárá o. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló sọ pé ọ̀rọ̀ Bìní ni Èkó fúnra rẹ̀, pé ibùdó ogun ló túmọ̀ sí. Àwọn mìíràn ní láti ara oko ló ti wá. Kò sẹ́ni tó ni lẹ́tà mẹ́ta. Ohun tá à ń bi olórúkọ ni pé: ṣé ohun tó o jẹ́ bá orúkọ rẹ mu?

Ìbéèrè yẹn kan àwa náà. Èkó àti ẹ̀kọ́, ohùn kan náà ni, àmì abẹ́ ló yà wọ́n. Ẹ̀kọ àti ẹ̀kọ́, lẹ́tà kan náà ni, àmì orí ló yà wọ́n. Bá a bá sọ gbogbo rẹ̀ di "eko", àwa la fọwọ́ ara wa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta di ọ̀kan. Òótọ́ ni pé bí ọ̀rẹ́ rẹ bá kọ "mo fe mu eko" ránṣẹ́ lórí WhatsApp, o ò ní rò pé ìlú ló fẹ́ mu. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló gbà á. Ṣùgbọ́n pátákó ìta ò ní ọ̀rọ̀ kankan tó yí i ká. Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tó ń dá kọ́ Yorùbá lórí fóònù, òun náà ò ní ẹni tó máa bá a ṣàlàyé.

Ará Ítálì ò jẹ wá ní àmì kankan. Àwa la jẹ ara wa. Torí náà, ìgbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ fi àmì sí i. Ó kéré tán, ká mọ̀ bóyá ìlú lẹ̀ ń pè wá sí, àbí ẹ ti po ẹ̀kọ sílẹ̀ dè wá.