Ojú Ewé Méjì: Les Belles Lettres àti Oríkì Ògìyán ní Èjìgbò

Ọ̀nà mẹ́ta gbòógì ni àwọn onímọ̀ gbà ń tẹ ìwé Gíríìkì àti Látìn àtijọ́. Ní 1849 ni Teubner ti Leipzig bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èdè náà jáde láìsí ìtumọ̀, tí ó sì ń to ìyàtọ̀ àwọn ẹ̀dà àfọwọ́kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ọ̀wọ́ Loeb, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1911, fi Gẹ̀ẹ́sì kọjú sí èdè náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń sọ nípa ẹ̀dà. Les Belles Lettres, tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní 1919, so méjèèjì pọ̀ nínú ọ̀wọ́ Budé: ìtumọ̀ Faransé wà, ẹ̀rí ẹ̀dà náà wà.

Bí a bá fi èyí wo iṣẹ́ tiwa, Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti Wándé Abímbọ́lá (1968) sún mọ́ Teubner, nítorí Yorùbá ni látòkè délẹ̀. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá (1966), tí ó ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sún mọ́ Loeb. Pierre Verger náà fi Faransé túmọ̀ oríkì òrìṣà nínú ìwé tí IFAN tẹ̀ ní Dakar ní 1957. Irú Budé ni ó yẹ Èjìgbò jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ń gbé ní Abidjan, Faransé sì ni àwọn ọmọ wọn fi ń kàwé.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà Budé bó ṣe wà. Olóòtú Budé gbà pé ìwé kan ṣoṣo ni orísun, òun ni ó ń wá. Ohun tí ó bá kù di ti ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Oríkì kò ní irú orísun bẹ́ẹ̀. Nígbà ọdún Ògìyán, apá méjì ìlú Èjìgbò a máa fi àtòrì na ara wọn. Bí apá méjèèjì bá ki Ògìyán lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti ta ni olóòtú yóò gbé sókè? Ẹni tí ó bá yan ọ̀kan ti fi ìwé dá ẹjọ́ tí ìlú kò gbé wá.

Nítorí náà, ohùn méjèèjì ni kí ó kọjú síra, kí orúkọ apohùn, apá ìlú àti ọjọ́ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ Faransé ni kí ó lọ sí ìsàlẹ̀.