Ta Ni Alábẹ́rẹ́? Kíka Kọ́ńtáàtì Orí Fóònù Bí Ẹni Ń Ka Ìwé

Lóru ọjọ́ kan ní Ìbàdàn, ẹ̀jẹ̀ ríru màmá wa tún gbé ìṣe ẹ̀ dé. Orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, wọ́n sì ní ká pe nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wò wọ́n nílé. Àwa ọmọ mẹ́ta la wà nínú yàrá, fóònù màmá sì wà lọ́wọ́ wa. A mọ orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn dáadáa. A tẹ̀ ẹ́ síbi ìwákiri: kò sí. A tẹ orúkọ bàbá ẹ̀: kò sí. A tẹ “nurse”: òfo. Ìgbà tí màmá rí i pé a ti ń làágùn ni wọ́n rọra sọ pé, “Ẹ wo Alábẹ́rẹ́.” Lóòótọ́, ibẹ̀ ló wà, láàárín “Aláàánú Ṣọ́ọ̀ṣì” àti “Aláṣọ Gbági”: “Alábẹ́rẹ́ Òkè Àdó”. A pè é, ó dé, ara màmá sì balẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Kíkọ áàpù la fi ń jẹun. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la kọ́ ní yunifásítì. Ojú tì wá lọ́jọ́ yẹn, nítorí àpótí ìwákiri tá a máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà, òun ló já wa kulẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, nǹkan mìíràn gbà wá lọ́kàn. A tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá, a jókòó, a sì ka kọ́ńtáàtì wọn láti A dé Y.

A bá “Bọ̀dá Gáàsì” pàdé. A bá “Ìyá Ìbejì Ojúlé Kejì”. A rí “Má Gbé E”, ẹni tá ò tíì mọ̀ títí dòní. A rí “Ọkọ Mi”, ìyẹn bàbá wa tó ti dolóògbé, tí nọ́ńbà wọn ò wọlé mọ́, tí màmá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa rẹ́. Nínú gbogbo orúkọ yẹn, èyí tẹ́ ẹ lè bá nínú ìwé ìrìnnà kò tó nǹkan.

Ohun tá a fẹ́ sọ nìyí: kọ́ńtáàtì orí fóònù jẹ́ lítíréṣọ̀ tí gbogbo wa ń kọ lójoojúmọ́ láì pè é bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe fóònù kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá ẹ̀ tó jáde ní 1921, to orúkọ wa lẹ́sẹẹsẹ: àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ ti àwọn obìnrin ilé. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé kì í pe ará ilé ọkọ ẹ̀ lórúkọ, àní ọmọdé tó bá nílé. Á wo onítọ̀hún, á fún un lórúkọ tiẹ̀. Ẹni tí eyín ẹ̀ funfun á di Eyínfúnjowó. Ẹni tó dúdú tó ń dán á di Adúmáadán. Ẹni tó ń lọ sílé ìwé á di Akọ̀wé. Bá a bá wò ó dáadáa, irú orúkọ yìí ní òfin mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ipò táwọn méjèèjì wà sí ara wọn ló ń sọ, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé ọjọ́ìbí. Ìkejì, ohùn la fi ń pè é. Bí ohùn bá yí, orúkọ yí. Ìkẹta, etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ló ń gbọ́ ọ. Fóònù rú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sévù nọ́ńbà tuntun, ohun àkọ́kọ́ tí fóònù máa bi yín ni First name, lẹ́yìn náà Last name. Ìbéèrè yìí ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní vCard, òun ni ọ̀pọ̀ fóònù fi ń kó kọ́ńtáàtì láti ibì kan lọ síbòmíì. Ó pín orúkọ ènìyàn sọ́nà márùn-ún: orúkọ ìdílé, orúkọ àbísọ, orúkọ àfikún, oyè tó ń ṣíwájú, àti oyè tó ń kẹ́yìn. Níbo ni “Ìyá Ìbejì Ojúlé Kejì” fẹ́ wọ̀ sí nínú wọn? Ṣé “Ìyá” ni orúkọ àbísọ, kí “Kejì” wá jẹ́ orúkọ ìdílé? Ẹ̀dà ìlànà náà tó jáde ní 2011 gbìyànjú láti ṣàyè fún ìbátan. Ó mọ òbí, ó mọ ọmọ, ó mọ aládùúgbò, ó tiẹ̀ ní àyè fún ẹni tí ọkàn yín ń fà sí tẹ́ ò tíì lè sọ fún: crush. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní fún àwọn méjèèjì: sibling. Nínú ìlànà tó mọ crush, a ò mọ ẹni tó yẹ ká dọ̀bálẹ̀ fún.

Ká má ti gbogbo ẹ̀bi sórí òyìnbó o. Ní 2010, Patrick McKenzie kọ àròkọ kan nípa àwọn irọ́ tí àwa tá à ń kọ áàpù máa ń gbà gbọ́ nípa orúkọ, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín wa. A kà á, a rẹ́rìn-ín, a sì tún ṣe àṣìṣe náà. Fọ́ọ̀mù kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ wa gan-an la fi kọ ọ́, tá a ní kí orúkọ má kọjá lẹ́tà A dé Z lásán. Obìnrin kan tẹ Ọláṣùbọ̀mí. Fọ́ọ̀mù wa fi lẹ́tà pupa dá a lóhùn pé orúkọ yẹn kò tọ́. Ọmọ Yorùbá ló kọ fọ́ọ̀mù tó sọ fún ọmọ Yorùbá pé orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ kò tọ́. A ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n a ò tíì gbàgbé.

Ìwákiri ló kàn. Lójú yín, ẹ́ jẹ́ lẹ́tà kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ó kéré tán, méjì ni. Unicode, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń to lẹ́tà gbogbo èdè, ní nọ́ńbà kan fún é táwọn Faransé ń lò, ó ní òmíì fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Nítorí náà, ẹ lè tẹ ẹ kẹ́ ẹ tó fi àmì òkè sí i. Ẹ lè tẹ é kẹ́ ẹ tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ sì lè tẹ e lásán kẹ́ ẹ wá kó àmì méjèèjì lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Nínú ikùn fóònù, mẹ́ta ni. Àwọn kan tún wà tó ń fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó, ìyẹn náà tún yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹni tó kọ áàpù ò bá sọ fún ẹ̀rọ pé kó kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra, ẹ máa wá Alábẹ́rẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, bẹ́ẹ̀ iwájú yín ló wà.

Àwọn áàpù mìíràn sá fún wàhálà yìí, wọ́n gé gbogbo àmì dànù. Ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko á wá di ọmọ ìyá kan náà. Màmá ń wá “Ọkọ̀ Ẹrù”, ẹni tó ń bá wọn gbé ọjà, “Ọkọ Mi” á bá a yọ. Lójú opó, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe kékeré. Ìdájọ́ wa ni pé kí fóònù má ka àmì sí nígbà tó bá ń wá nǹkan, torí ẹni tó ń kánjú kì í ráyè àmì. Ṣùgbọ́n kó fi èyí tó bá àmì mu gan-an síwájú, kó sì pa orúkọ mọ́ bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe kọ ọ́. Kò le. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á ṣe é.

Òfin kẹta ló dùn wá jù. Ọ̀rẹ́ wa kan yá owó lórí áàpù ayánilówó. Áàpù náà béèrè bóyá òun lè wo kọ́ńtáàtì ẹ̀, ó sì tẹ Allow, bí gbogbo wa ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó san owó yẹn. Ni wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú kọ́ńtáàtì ẹ̀ pé olè ni: sí lándílọ́ọ̀dù, sí pásítọ̀, sí ìyá àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Áàpù tí kò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dójú ti ènìyàn lójú àna.

Irú ìwà yìí wọ́pọ̀ débi pé ní 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù. Ní 2023, Google ní áàpù ayánilówó tó wà lórí Play Store kò gbọdọ̀ wo kọ́ńtáàtì àti fọ́tò mọ́, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì buwọ́ lu òfin ààbò dátà ní Nàìjíríà. Nínú iOS 18 tó jáde ní 2024, Apple jẹ́ kí ènìyàn lè yan àwọn tó fẹ́ kí áàpù rí, dípò kó kó gbogbo wọn lé e lọ́wọ́. Ó dáa, a kí wọn. Àmọ́, ta ni fóònù ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an? Bí màmá bá tẹ Allow, Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n kó lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bi Alábẹ́rẹ́. Àwọn áàpù tó ń sọ orúkọ ẹni tó ń pè wá náà ńkọ́? Ohun táwọn ẹlòmíràn fi sévù wa wà lára ohun tí irú wọn máa ń kó jọ. Ká ní màmá sévù ẹnì kan sí “Ajẹgbèsè Ojúlé Kẹta”. Láàárín màmá àti fóònù wọn, àwàdà ni. Kó wá yọ lójú fóònù ẹni tí onítọ̀hún ń wá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, ìbanilórúkọjẹ́ ni. Orúkọ ò yí, etí ló yí.

Kí ló wá kù? Wọ́n ní ká ṣe fóònù wa bó ṣe wù wá. Lóòótọ́, ẹ lè pààrọ̀ àwòrán ojú ẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ àwọ̀, ẹ sì lè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìró ìpè tiẹ̀. Ká má parọ́, màmá mọ ìlò èyí jù wá lọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní orin ìyìn, àwa ọmọ ní ìlù, “Má Gbé E” ò ní ohùn kankan. Ibẹ̀ yẹn ni fóònù ti gbìyànjú jù, torí ibẹ̀ ló ti gbà pé àjọṣe màmá pẹ̀lú ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n aṣọ la pààrọ̀, ara ẹ̀ ò yí. Ẹ lè fi ìró gángan sórí nọ́ńbà àbúrò yín; ìró yẹn ò kọ́ fóònù pé àbúrò ni.

Kí àwọn tó ń ṣe fóònù tó gbọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tọ́wọ́ wa ká. Ẹ fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí fóònù yín. Gboard ní in, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ sévù ènìyàn lórúkọ tẹ́ ẹ fi ń pè é, kẹ́ ẹ wá fi orúkọ inú ìwé ẹ̀ sí àyè Nickname, kí ẹlòmíràn lè rí i lóru. Ẹ̀rín ni, orúkọ gidi wá di ìnagijẹ. Ẹ fi nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè ní pàjáwìrì síbi tó ṣeé rí láì ṣí fóònù. Android àti iPhone ló ní àyè yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings lálẹ́ òní, ẹ wo iye áàpù tó ń ka kọ́ńtáàtì yín. Kí ni áàpù tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi Alábẹ́rẹ́ ṣe?

A ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù màmá. Wọ́n gbà ká fi orúkọ nọ́ọ̀sì kún un, wọn ò gbà ká yọ Alábẹ́rẹ́. Nígbà tá a ṣe tán, wọ́n ní káwa náà fi tiwa han àwọn: kí la fi sévù àwọn? A ń ṣe mẹ́ńdẹ̀mẹ́ńdẹ̀, wọ́n bá gba fóònù. “Mummy 2” ló wà níbẹ̀, torí nọ́ńbà méjì ni wọ́n ní. Màmá wò ó, wọ́n tún un wò.

“Ta wá ni ìkíní?”

A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n a ò rí nǹkan fi dá wọn lóhùn. A ti pa “Mummy 2” rẹ́. A ṣì ń wá orúkọ tó yẹ wọ́n.